Àwọn Kóòtù Ìníọlá

"Doyin, ṣé wàá gbé ojú kúrò lára fóònù yẹn ká máa lọ, àbí ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ lo fẹ́ jáde?"

Ẹnu ọ̀nà ni Florence Akíntọ́lá, ìyá Doyin, ti ń pariwo. Ó ti gbé àpò oúnjẹ kọ́ èjìká. Mọ́ínmọ́ín àti búrẹ́dì ló wà nínú rẹ̀. Òtútù ọdún náà pẹ́ kó tó lọ. Sátidé yìí, nínú oṣù Kẹrin, ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ràn dáadáa sí àdúgbò Highbridge ní Bronx, tí gbogbo ilé ń ṣí fèrèsé, tí àwọn igi etí títì sì ń yọ ewé tuntun.

"Mo ń bọ̀, Mọ́mì."

"Láti ìgbà wo lo ti ń bọ̀? Bàbá rẹ tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ti wọ bàtà tán. Ìníọlá pàápàá ti wọ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tọ̀tún ló fi sẹ́sẹ̀ òsì."

Ìníọlá, àbúrò Doyin, na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Àwọn méjì yìí náà ni Florence àti Titus ọkọ rẹ̀ bí. Titus ń ṣọ́ ilé ńlá kan ní Manhattan lóru, Florence sì ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, nítorí náà Sátidé nìkan ni gbogbo ilé máa ń rójú jọ jáde lọ gbafẹ́.

Kì í ṣe eré ni Doyin ń fi fóònù ṣe. Ìkéde ìdíje àwòrán kan ló ń kà. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán kan ní Bronx ló ṣètò ìdíje náà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n sì pè é ní "Ìgbà Ìrúwé ní Àdúgbò Mi." Ẹni tó bá gbégbá orókè yóò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ayàwòrán lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ọlidé, wọn yóò sì gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ilé ìkàwé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Doyin, àwòrán yíyà sì ni ayé rẹ̀. Bó bá ya ọwọ́ ènìyàn, ó máa ń dà bíi pé kí o nawọ́ bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Christopher, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọnà, wo òdòdó tó yà, ó sì mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Doyin, ọwọ́ rẹ dára," ni ó wí. "Nínú kíláàsì yìí, kò sí ọwọ́ tó tó tìrẹ. Ṣùgbọ́n òdòdó yìí, ẹnikẹ́ni ló lè rí i. Kí ni ìwọ fi ojú tìrẹ rí?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Doyin ju kí ó sọ pé kò mọ àwòrán yà lọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wo igi, tó ń wo ẹyẹ, tó ń wo ojú ọ̀run. Kò rí nǹkan kan tí àwọn ẹlòmíràn kò tíì rí.

Orí afárá High Bridge ni wọ́n lọ lọ́jọ́ náà. Afárá gíga ni, ó gba orí odò Harlem kọjá, ọkọ̀ kì í sì í gba orí rẹ̀, àfi ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́. Èrò pọ̀ bí ẹni pé gbogbo Bronx ló jáde wá yá oòrùn. Wọn kò tíì jẹun tán tí oorun fi gbé Titus lọ lórí bẹ́ǹṣì. Fóònù Florence náà dún: ẹni tó yẹ kó bá a dúró ti màmá arúgbó kan ní Grand Concourse kò ní lè wá. Florence bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bá wọn ṣàlàyé. Doyin fa Ìníọlá lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ń rìn lọ lórí afárá.

Lójijì Ìníọlá dúró.

"Àǹtí Doyin, ẹ wò ó. Ó ti rẹ àwọn kóòtù."

"Kóòtù wo?"

"Gbogbo wọn."

Doyin wo iwájú. Òtútù díẹ̀ ṣì wà ní àárọ̀, nítorí náà kóòtù ni tọmọdé tàgbà wọ̀ jáde. Nígbà tí oòrùn mú, gbogbo wọn bọ́ ọ. Ẹnìkan fi tirẹ̀ kọ́ apá, ẹnìkan gbé e lé èjìká, ẹlòmíràn so ó mọ́ ìdí.

"Nígbà tí yìnyín ń bọ́, kóòtù ló ń gbé àwọn ènìyàn," ni Ìníọlá wí, bí olùkọ́ tó ń ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì. "Ó ti rẹ̀ wọ́n báyìí. Àwọn ènìyàn ló wá ń gbé wọn." Ó bọ́ kóòtù tirẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Doyin, ó tẹ̀ ba. "Ẹ bá mi pọ̀n ọ́n. Ó fẹ́ sùn."

Doyin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tú síkáàfù ọrùn ara rẹ̀, ó fi ṣe ọ̀já, ó sì gbé kóòtù náà pọ̀n fún àbúrò rẹ̀. Ìníọlá ń gbá kóòtù náà nídìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń jó lọ ó ń jó bọ̀, ó ní kí àwọn tó ń kọjá má ṣe pariwo.

Nígbà tí wọ́n délé, Florence sáré lọ síbi iṣẹ́, Titus wọ yàrá lọ sùn. Ìníọlá kó kíréyọ́ọ̀nù rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ikùn lélẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Nígbà tó ṣe, ó pe Doyin.

Afárá inú àwòrán náà wọ́ bí ejò. Orí àwọn ènìyàn ibẹ̀ tóbi ju ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn ló pọn kóòtù sẹ́yìn, tí ọ̀já gbà á mú. Àwọn kóòtù náà ti di ojú, wọ́n sì fi apá wọn gbá ọrùn ẹni tó pọ̀n wọ́n mọ́ra.

"Èyí kékeré yìí ń mu ọwọ́," ni Ìníọlá wí. Lóòótọ́, kóòtù kékeré kan ti ki etí apá ara rẹ̀ bọ ẹnu.

Doyin kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Christopher bèèrè lọ́wọ́ òun ló wà nílẹ̀ yìí, tí ọmọ ọdún márùn-ún fi kíréyọ́ọ̀nù yà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

"Ìníọlá, jẹ́ kí n bá ọ tọ́jú ẹ̀," ni ó wí.

"Ẹ má jẹ́ kó ya o. Mo fẹ́ fi han Dádì tó bá jí."

Ọ̀nà tó tọ́ wà nílẹ̀ fún Doyin. Ìkéde ìdíje náà tilẹ̀ ní kí olúkúlùkù sọ ibi tí ó ti rí èrò àwòrán rẹ̀. Kò ju kí ó sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àbúrò òun ni. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó lórí ibùsùn tó ń wo bébà náà, ohùn kan ń sọ fún un nínú pé, "Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ọmọ kékeré ló ní ojú, pé ọwọ́ nìkan ni tìrẹ. Ọmọdé ni, á gbàgbé. Tó bá di ọ̀la, nǹkan mìíràn ni yóò máa yà." Doyin gbọ́ ohùn náà. Lọ́jọ́ Ajé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà ya àwọn kóòtù náà ní ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn tí kíláàsì bá ti tú. Gbogbo nǹkan ló yà bó ṣe rí nínú bébà ọmọ náà, títí kan èyí tó ń mu ọwọ́, àfi pé tirẹ̀ gún régé, oòrùn sì ń tàn lójú odò. Níbi tí wọ́n ti bèèrè orísun èrò rẹ̀, ó kọ ọ́ pé, "Mo wo àyíká mi."

Ṣùgbọ́n Ìníọlá kò gbàgbé. Lójoojúmọ́ ló ń bèèrè pé, "Àǹtí Doyin, àwọn kóòtù mi dà?" Ní ọjọ́ kan tó rí i pé ọmọ náà ti ń wá inú àpò ìwé òun, ẹ̀rù ba Doyin. Ó fa àwòrán náà ya wẹ́wẹ́, ó dà á sínú ike ìdọ̀tí nísàlẹ̀ ilé.

"Mi ò rí i mọ́," ni ó sọ fún un. "Ó ní láti jẹ́ pé ó ti sọ nù."

Ìníọlá sunkún díẹ̀, ó sì nu ojú rẹ̀. "Kò burú. Wọ́n lọ sùn ni."

Nígbà tí oṣù Karùn-ún bẹ̀rẹ̀, ìròyìn dé pé Doyin ló gbégbá orókè. Florence jó nínú ilé ìdáná títí ọbẹ̀ fi jóná. Titus tẹ ìyá rẹ̀ láago ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní kí Doyin dìde, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Doyin ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà dà bí ìrẹsì tó ní òkúta. Kò lè rún un dé ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí wá wo àwòrán ní ilé ìkàwé, Ìníọlá wọ aṣọ aláwọ̀ òféfèé tí ìyá rẹ̀ rà fún Ọdún Àjíǹde. Òun ló kọ́kọ́ sáré débi àwòrán náà. Ó dúró gbagidi. Ó la ẹnu. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè.

"Àwọn kóòtù mi nìyí! Mọ́mì, Dádì, ẹ wá wo àwọn kóòtù mi! Àǹtí Doyin ti bá mi rí wọn!"

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó rò pé àwòrán òun tó sọ nù ló padà wá, pé ó kàn ti dàgbà sí i ni. Àwọn ènìyàn yíjú padà. Obìnrin onírun funfun kan, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ìdíje náà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Kóòtù rẹ kẹ̀? Ṣé ìwọ lo sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé kó yà wọ́n?" Ó wá gbójú sókè wo Doyin.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn nìkan ni ó kù kí Doyin fi dáhùn. Bí Doyin bá sọ ọ́ nígbà náà, bóyá gbogbo wọn ì bá rẹ́rìn-ín, kí ọ̀rọ̀ náà sì di àwàdà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Christopher dúró lọ́ọ̀ọ́kán, Jamal tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, tí ó gba ipò kejì, sì dúró tì í.

"Rárá o," ni ó dáhùn. "Ọmọdé ni. Ó rí tèmi nílé ló ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo nǹkan ló máa ń pè ní tirẹ̀."

"Èmi ni mo kọ́kọ́ yà á!" ni Ìníọlá wí. "Lórí kápẹ́ẹ̀tì! Àǹtí, ẹ sọ fún wọn. Ṣé ẹ rántí èyí tó ń mu ọwọ́?"

"Ìníọlá, yé purọ́."

Florence, tí ojú ń tì, fa ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí nílé lọ́jọ́ tí Ìníọlá yàwòrán rẹ̀. Òun àti Titus, tó ń sùn nígbà náà, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọ́?" ni ó wí. "Lọ́jọ́ ìdùnnú ẹ̀gbọ́n rẹ? Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́."

Ìníọlá wo ìyá rẹ̀. Ó wo Doyin, ó ń retí kí ó sọ̀rọ̀. Doyin tẹjú mọ́lẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ nínú aṣọ tuntun rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí Doyin. Mi ò ní purọ́ mọ́."

"Ó ti tán," ni Doyin wí. Òun tó jẹ̀bi gan-an ló wá ń dárí jini.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan yí padà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń pa iná ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kíréyọ́ọ̀nù Ìníọlá wà nínú páálí wọn. Olùkọ́ rẹ̀ tẹ Florence láago, ó ní tí àwọn bá ní kí àwọn ọmọ yàwòrán, bébà funfun ni Ìníọlá ń dá padà, ó ní òun kò mọ ohun tí òun lè yà. Tí wọ́n bá jáde ní Sátidé, Titus máa ń bi í pé, "Ìníọlá, kí lojú rẹ rí lónìí?" Eré wọn àtijọ́ ni. Tẹ́lẹ̀, ọmọ náà kì í jẹ́ kí ìbéèrè yìí délẹ̀ kó tó dáhùn. Ní Sátidé kan, wọ́n ń rìn lọ ní Morris Heights, òdòdó ń já bọ́ láti orí igi, Titus bèèrè bó ṣe máa ń bèèrè. Ìníọlá la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Ṣé Àǹtí Doyin ti rí i tẹ́lẹ̀?" ni ó bèèrè.

"Kí lo ní lọ́kàn?"

"Tó bá ti rí i, tirẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ purọ́."

Titus kò mọ ohun tí ọmọ náà ń sọ. Doyin mọ̀. Ó ń rìn lẹ́yìn wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wúwo bí ẹni pé ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí Ìníọlá wà ní yàrá, Doyin kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀ nínú pálọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Florence fi ọwọ́ lé àyà.

"Èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀," ni ó wí. "Yéè, Doyin! Èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀ bẹ ẹni tó jí nǹkan rẹ̀!"

Titus kò pariwo. Ó kàn bèèrè pé, "Àwòrán ọmọ náà dà?"

"Mo ti fà á ya, Dádì."

Titus mi orí. "Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ká ní o bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kò ní fún ọ ni? Ìdíje, wọ́n á tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ sọ òtítọ́, o pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo ayé. Ìyẹn ni mi ò mọ bí a ó ṣe tún un ṣe."

Florence wọ yàrá lọ, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìníọlá. Doyin dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ìníọlá mi, má bínú sí mi. Òtítọ́ lo sọ lọ́jọ́sí ní ilé ìkàwé. Ìwọ lo kọ́kọ́ yà á."

Ìníọlá gbójú sókè. "Ṣé mi ò purọ́?"

"O ò purọ́ rárá."

"Mo ti rò pé mo purọ́ ni," ni ọmọ náà wí. "Mo ti rò pé mo kàn lá a lálàá."

Omi bọ́ lójú Doyin. Ó ti rò pé àwòrán nìkan ni òun mú lọ́wọ́ àbúrò òun. Kò mọ̀ pé òun ti mú kí ọmọ náà ṣiyèméjì nípa ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀. Ìníọlá fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ nu ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́," ó sì padà sídìí eré rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Doyin lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Christopher. Olùkọ́ náà gbọ́ ọ títí dé òpin.

"O mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ fún wọn," ni ó wí.

"Mo mọ̀, sà."

"Ohun tó dùn mí jù ni pé, ká ní o kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò rẹ ló fún ọ ní èrò yìí, wọn ì bá tún fẹ́ràn àwòrán náà sí i. Kò sí ayàwòrán tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n a máa ń dárúkọ ẹni tó fún wa."

Wọ́n yọ àwòrán Doyin kúrò lára ògiri. Jamal ni wọ́n fún ní àyè ẹ̀kọ́ náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún Doyin bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ìgbà wo ni ẹ̀kọ́ náà máa bẹ̀rẹ̀, ó sì di dandan kó máa dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú tì í gan-an. Síbẹ̀, ó rí i pé ìtìjú yẹn ṣeé gbé. Èyí tó wà nílé ló wúwo.

Ìníọlá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán. Inú gbogbo wọn dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí Doyin bá ti wọlé, yóò fi apá bo bébà náà mọ́lẹ̀. Kì í bínú, kì í yan odì. Ó ń bá Doyin ṣeré, ó ń bá a jẹun, ó ń jẹ́ kí ó di irun òun. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí nìkan ni kì í sọ fún un mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, gbogbo wọn lọ sí etí òkun ní Orchard Beach. Ìníọlá rí ìkarahun kan, ó fi ń yàwòrán sórí iyanrìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá sọ̀rọ̀. Doyin rọra súnmọ́ ọn.

"Kí lò ń yà, Ìníọlá?"

Ọmọ náà gbé ẹsẹ̀, ó fi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kíákíá. "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Florence rí wọn láti orí ẹní. Ó pe Doyin wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì mú un lọ́wọ́.

"Ṣe sùúrù," ni ó wí. "Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ó ti dárí jì ọ́, èyí jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì ọ̀tọ̀, ìgbẹ́kẹ̀lé ọ̀tọ̀. Ìdáríjì, ọjọ́ kan lèèyàn lè rí i gbà. Ìgbẹ́kẹ̀lé, ńṣe la tún máa ń gbìn ín, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí yóò hù. Má fi ohun ẹlòmíràn wá ògo fún ara rẹ mọ́, ì báà jẹ́ ohun ọmọdé tí kò lè jà."

Doyin mi orí pé òun ti gbọ́. Nígbà tó pẹ́, ó gbé àga rẹ̀, ó yí i padà, ó kọ ojú sí òkun, kí àbúrò rẹ̀ lè rí àyè yàwòrán rẹ̀ láìbẹ̀rù.